Àmín Tó Wà Nínú Òfin Ẹgbẹ́ Wa

Gọ́tà tó wà níwájú ilé wa nígbà náà jìn ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo wọ̀n ọ́n. Mo ti igi gígùn kan bọ inú rẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹnu gọ́tà dé lára igi náà, mo gbé e wọlé, mo ní kí ọmọ mi dúró tì í. Àmì ṣọ́ọ̀kì náà ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọkọ mi bá wa nídìí rẹ̀, ó béèrè ohun tí à ń ṣe. Mo ní mò ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni. Mi ò fẹ́ kó tún máa pè mí ní onípayà.

Òjò ọdún tó ṣáájú ló fà á. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí òjò ńlá bá pàdé àsìkò tí ọ̀sà ń kún, omi kì í ríbi lọ. Yóò dúró, yóò máa ga díẹ̀díẹ̀, títí títì àti gọ́tà yóò fi di ilẹ̀ kan náà lójú ẹni tó ń wò ó. Àgbàlagbà máa ń fi orí mọ ibi tí gọ́tà wà. Ọmọ mi ń ti ilé kéú bọ̀, ó gbé wàláà rẹ̀ borí nítorí òjò, ó gbé ẹsẹ̀ síbi tó rò pé títì ni. Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì wa ló rí wàláà tó léfòó láìsí ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó di ọrùn ẹ̀wù mú, ó fà á jáde. Ọmọ náà wúkọ́, ó bì, ó sì béèrè wàláà rẹ̀. Ní ti òun, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ni kò tíì parí fún.

Taípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú. Láti ọjọ́ náà, bí ojú ọ̀run bá ti ń dúdú, ìka mi kì í lọ síbi tó yẹ lórí ẹ̀rọ mọ́. Mo máa ń ba ìwé jẹ́, màá fà á yọ, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi rí i. Ó pè mí, ó bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí, mo sì rò fún un. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó ní ilé-iṣẹ́ lè fún àdúgbò wa ní sìmẹ́ǹtì, irin, yanrìn àti bíríkìlà kan, kí a fi da pátákó kọnkéré bo gọ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú ọ́fíìsì. Akáwùńtáǹtì ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni a óò kọ ọ́ fún, màdáàmù?"

"Fún àdúgbò wa, sà."

"Àdúgbò kì í ṣe ènìyàn. Kò lè gba nǹkan, kò lè fọwọ́ síwèé. Ẹ lọ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí òfin mọ̀ yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ọ̀rọ̀ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún la wà. Mo ka oṣù tó kù kí òjò tó dé bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹgbẹ́ wà ní àdúgbò wa tipẹ́ kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wá síbẹ̀. Àwọn ló ń gbá títì ní ọjọ́ ìmọ́tótó, àwọn ló ń sanwó ọdẹ, àwọn ló ń ra gílóòbù sí ẹnu ọ̀nà tó bá ṣókùnkùn. Alága wọn ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní èbúté, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alága. Ìyá Ẹgbẹ́ ni Àlájà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, òun ló dàgbà jù nínú agbo ilé wa. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọwọ́ mi sì mọ́. Ọmọ Olówógbowó ni mí, láti ilé Sàró tí wọ́n ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìran dé ìran. Ilé Mùsùlùmí ni mo fẹ́ ọkọ sí. Ìyàwó mẹ́ta mìíràn ti wọ agbo ilé náà lẹ́yìn mi, síbẹ̀ èmi ni Àlájà ṣì ń pè ní Ìyàwó.

Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Olówógbowó, ẹni tó jẹ́ lọ́yà. Bùọ̀dá Lọ́yà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí a yan àwọn alámòójútó tí yóò dúró fún ẹgbẹ́, kí a kọ òfin ẹgbẹ́, kí a kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́, kí ìjọba tó wá fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ó fún mi ní àpẹẹrẹ òfin ẹgbẹ́ kan kí n máa wò ó kọ tiwa.

A ṣe ìpàdé nínú pálọ̀ ńlá agbo ilé wa. Mò ń ka òfin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n jà díẹ̀ lórí orúkọ ẹgbẹ́, wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n jà púpọ̀ lórí àwọn alámòójútó, títí tí a fi gbà pé kí ojúlé ńlá kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá. Inú mi ti ń dùn. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.

"Bí ẹgbẹ́ bá túká," mo kà, "ohun ìní tó bá ṣẹ́kù—"

"Dúró," Àlájà wí. "Padà sẹ́yìn. Kí lo kà?"

"Bí ẹgbẹ́ bá túká, Àlájà."

"Ẹgbẹ́ wo?"

"Ẹgbẹ́ wa yìí, mà."

"Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ, o ti ń wọn sàárè rẹ̀?"

Pálọ̀ hó. Gbogbo wọn ń yí ọwọ́ lórí, wọ́n ń ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Káfíńtà pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Akọ̀wé, ẹ bi Lọ́yà yẹn wò, bóyá ó máa ń ta pósí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Alága gbìyànjú. "Àlájà, bí Òyìnbó ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn."

"Kí Òyìnbó máa kọ tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé tiwọn ń túká? Ìyàwó, gbé bírò. Kọ ọ́ báyìí: Ẹgbẹ́ yìí kò ní túká láéláé, lágbára Ọlọ́run. Àmín."

"Àmín o!" gbogbo pálọ̀ dáhùn. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà lápá ọ̀tún fi orúkọ Jésù kún un.

Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kà á padà, mo kà á, wọ́n tún ṣe àmín.

Nígbà tí Bùọ̀dá Lọ́yà rí i, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n máa dá a padà. Ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó máa gba ohun ìní yín tó bá di ọjọ́ kan. Láìsí ìyẹn, wọn ò ní forúkọ yín sílẹ̀." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Alága ní ilé rẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ìwọ yóò yọ àmín kúrò nínú ohun tí Àlájà ti ṣe àmín sí?"

"Bàbá, òfin ni."

"Jẹ́ ká dán wọn wò ná. Bóyá olùgbàdúrà ló máa wà nídìí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ àmín náà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo ń kọjá ní ọ́fíìsì Bùọ̀dá Lọ́yà lọ́sàn-án nígbà tí ó yẹ kí n máa jẹun. Akọ̀wé rẹ̀ kò jẹ́ kí n béèrè mọ́, orí nìkan ló ń mì sí mi láti ẹ̀yìn tábìlì. Nígbà tí ìwé náà padà dé, wọ́n ti fi bírò pupa ká àmín náà mọ́, bí olùkọ́ ṣe ń ká àṣìṣe mọ́. Wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí a sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun ìní ẹgbẹ́. Oṣù kẹrin ti wọlé. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ pẹ̀lú ìjì, ó sì ti ká páànù kan lórí ilé wa.

Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé bí inú mi ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo ń bínú sí Àlájà, mi ò sì lè bínú sí i, nítorí pé òun ló ń bá mi di ọmọ mi mú nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Mo ti ṣètò kí ọmọ náà máa gba inú agbo ilé méjì kọjá lọ sí ilé ìwé kó má baà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó gbà fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì padà sí títì. Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lára ẹrẹ̀ tó wà létí gọ́tà. Mo mọ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀.

Páànù tó ká ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Omi jò sí yàrá Àlájà, ó sì dé ìdí àpótí aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ní kí n wá bá òun sá àwọn aṣọ náà sí oòrùn ní àárín agbo ilé. Òun jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré, ó ń fi ìka tọ́ka, èmi ń kó wọn jáde: sányán, léèsì, àdìrẹ tí ó ti pẹ́ jù mí lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìdì kan wà nínú ọ̀rá. Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ ìdì náà. Aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni kò rán ni, èyí tí Àlájà rà ní Mẹ́kà, tó sì fi omi Sàmúsámù fọ̀ kó tó gbé e wálé. Aṣọ tí wọn yóò fi sin ín ni. Omi kò kàn án.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," Àlájà wí.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ìdì náà wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó ronú sí i.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín ò yá nígbà tí ẹ ra aṣọ yìí ni?"

"Ara mi le ju tìẹ yìí lọ. Mo rin àárín òkè Sọfá àti Máríwà ní Mẹ́kà láìfara ti ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ra á?"

Àwọn ìyàwó tó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga dá ọwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́jú sí mi pé kí n pa ẹnu mọ́. Ìyàwó ilé kì í bi àgbà ilé léèrè nípa ọjọ́ ikú rẹ̀, àgàgà nígbà tí oòrùn wà lókè, tí gbogbo ilé ń gbọ́.

Àlájà wò mí títí. "Ìwọ ọmọ Sàró yìí," ó ní. "Mo mọ ibi tí ò ń lọ."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò tíì bínú. Mo rà á kí ẹnikẹ́ni má baà máa sáré kiri ọjà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má sì máa jà lórí ẹni tó máa rà á. Mo mọ ilé yìí. Wọ́n á jà."

"Ohun tí ìwé yẹn náà ń béèrè nìyẹn, Àlájà. Kí wọ́n má baà jà ni."

 Ó gba ìdì náà lọ́wọ́ mi, ó tún sorí ọ̀rá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó ní èyí kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kí ó má baà pọ́n. Mo tẹ̀ síwájú, mò ń tẹ́ àdìrẹ sórí okùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ka ohun tí Lọ́yà kọ fún mi. Rọra kà á."

Mi ò nílò ìwé. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n lórí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n má kọ "bí ẹgbẹ́ bá túká" lásán bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ, kí n kọ pé "bí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá pinnu láti tú u ká." Ó ní kì í ṣe àwa la máa tú u. Ó wá béèrè ẹni tó ń jogún.

"Kò lè jẹ́ àwa ọmọ ẹgbẹ́, mà. Ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ni."

"Èwo nìyẹn?"

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe irú iṣẹ́ wa nítòsí: ti àdúgbò ẹ̀yìn. Láàárín àwa àti wọn, ìjà wà lórí pàǹtí, lórí ẹ̀rọ omi, àti lórí bọ́ọ̀lù kan tí àwọn ọmọ gbá kí wọ́n tó bí ọmọ mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí nínú ìpàdé, káfíńtà dìde dúró.

"Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n máa jogún wa? Àwọn tó ń gbá ìdọ̀tí wọn sí ẹnu ọ̀nà wa?"

"Jókòó," Àlájà wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tó máa jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí kú lójú àwọn ará ẹ̀yìn."

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan ní òun á máa wá ìpàdé lójoojúmọ́ báyìí, bí ibà bá tilẹ̀ ń ṣe òun. Bùọ̀dá Lọ́yà kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i nígbẹ̀yìn, "ẹgbẹ́ mìíràn tí èròǹgbà rẹ̀ jọ tiwa" ló kọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ìyẹn jẹ́. Bàbá Alága béèrè ibi tí àmín máa wọlé sí. Àlájà ní ẹnu ni àmín ń gbé, kì í gbé inú fáìlì. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì.

A fọwọ́ sí i, a ya fọ́tò àwọn alámòójútó, a kéde nínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn tún bà mí lẹ́rù. Ìkéde náà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó lòdì sí wa kọ̀wé, ó sì fún wọn ní ọjọ́ tó tó oṣù kan. Mò ń wo ojú àwọn ará àdúgbò ẹ̀yìn bí mo bá pàdé wọn lọ́nà. Mo ń kí wọn ju bí mo ṣe máa ń kí wọn lọ. Ọkọ mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé o kí ajá wọn lánàá?" Ó ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń dúró, òjò ń rọ̀. Nígbà tí ó bá ṣú lọ́sàn-án, mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, màá bọ́ bàtà, màá sáré láti Tinúbú wálé, màá bá ọmọ mi tó ń jẹ gúgúrú lórí ẹsẹ̀ Àlájà.  Àlájà á sún fún mi kí n jókòó.

Ìwé ẹ̀rí dé ní ìparí oṣù keje. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ga lábẹ́ ìka bí ẹni fọwọ́ pa àpá. Mo gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ akáwùńtáǹtì kí n tó fi han ẹnikẹ́ni nílé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ti di ènìyàn."

Nínú ìsinmi òjò oṣù kẹjọ ni wọ́n da pátákó kọnkéré náà. Káfíńtà kan àpótí tí wọ́n fi ń da wọ́n, bíríkìlà to irin sínú rẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn irin náà súnmọ́ ara wọn sí i ní ọwọ́ iwájú ilé ìwé àti níwájú ilé kéú. Ó gbé ojú sókè sí mi.

"Màdáàmù, ṣé ọkọ̀ òfuurufú ló máa balẹ̀ síbí ni?"

"Ọmọdé ló máa fò lórí rẹ̀."

"Ọmọ tó wúwo tó báyìí, ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́." Ṣùgbọ́n ó fi irin kún un.

Oṣù kẹsàn-án, òjò padà. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Ọ̀gá mi kò sí nílé iṣẹ́, mi ò rẹ́ni tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pa ọ́fíìsì dé. Nígbà tí mo dé orí àdúgbò wa, kò sí àdúgbò mọ́. Omi ló wà láti ara ògiri ilé kan dé ara ògiri ilé kejì, ó pupa, kò mì. Mi ò rí pátákó kankan. Omi ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, bí ó ṣe máa ń bo gọ́tà.

Mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí a fi gba sìmẹ́ǹtì. Mo dúró nígbà tí wọ́n ń gbé wọn kalẹ̀, mo sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo wọn ní ọjọ́ tí wọ́n gbẹ. Síbẹ̀ mo dúró létí omi náà, ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo pa agbòjò mi dé, òjò ń pa mí, mo fi ẹnu rẹ̀ gún omi níwájú mi. Ó kan kọnkéré, ó dún. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mo tún gún un.

Ọmọ mi yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, Àlájà sì di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Màámi!" ó ké. "Ó wà níbẹ̀! Ẹ máa bọ̀!"

Àlájà náà ní, "Ìyàwó, ẹ máa bọ̀ jàre, òjò ń pa yín!" Ẹnu yà mí nítorí pé kò pè mí ní "ẹ" rí.

Mo gbọ́ wọn. Mo gún omi, ó dún, mo gbé ẹsẹ̀. Mo gún omi, ó dún, mo gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, tí mo sì gbé ọmọ náà, tó ti wúwo jù fún gbígbé.